Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Gba Ìkirè Kọjá

Lánàá, nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Ìlaròó, obìnrin kan tú dòdò Ìkirè jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òórùn ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù yẹn ló gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ayétòrò.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ dé. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú lòun wọ̀ dé Ìbàdàn. "Ojú títì á gba ìdajì ọjọ́," ló wí, "ṣùgbọ́n lókè, kí n tó mu omi tán, a ti balẹ̀." Ó gbé abọ́ tánganran onídèérí kan lé mi lọ́wọ́. Dòdò Ìkirè ló kún inú rẹ̀, tó dúdú, tó ń dán fún epo.

Màmá mi ò dìde nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó. "Bàbá Dúpẹ́, ṣé ọkọ̀ òfuurufú ń dúró ní Ìkirè ni?"

"Pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn ni mo ti rà á."

"Tabọ́tabọ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Inú tèmi dùn, mo rò pé awakọ̀ òfuurufú rọra bà sẹ́bàá ọ̀nà kí èrò lè ra ìpápánu.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìbàdàn tààrà, àti pé mo ní àbúrò kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkirè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Màmá da dòdò náà sínú àwo wa, ó fọ abọ́ yẹn mọ́ tónítóní, ó sì gbé e fún Bàbá.

"Tí ẹ bá tún ń lọ, ẹ bá mi dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ẹ ní mo dúpẹ́."

Bàbá gbà á, kò lè gbójú sókè.