Iná Pupa Inú Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n

Télọ̀ kì í bẹ̀rù òkú. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n bá gbé aṣọ ẹni tó ti lọ wá pé kó gé e fún ọmọ. Á ní aṣọ ni aṣọ ń jẹ́, ẹni tó wọ̀ ọ́ ti bọ́ ọ sílẹ̀, kò sì ní padà wá bi ẹnikẹ́ni pé ta ló gé apá ẹ̀wù òun. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sùn tí kò jí, bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, kì í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá mọ́. Ojú pópó ló máa ń gbà yí wọ ilé, bí àlejò. Ẹ̀yìnkùlé ni gáréèjì wà, inú gáréèjì ni ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n wà, inú ọkọ̀ náà sì ni iná pupa kan wà tó ń tàn láìsí ẹni tó tàn án.

Iná kékeré ni, kò tóbi ju orí ìṣáná lọ. Àwòrán bátìrì ni, níwájú awakọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wo epo. Ó yẹ kó tàn bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Èyí kò dúró de kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó nínú yàrá ìyá wọn, iná náà sì ń tàn bàìbàì nínú òkùnkùn gáréèjì, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn tó sì kọ̀ láti sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bátìrì á ti kú. Télọ̀ á tú u, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi iná sí i, á gbé e padà wá so. Bó bá ti so ó báyìí, iná pupa á tún lajú.

Rewáyà ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, nítorí iṣẹ́ wáyà mọ́tò ló ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlòmíì á wọlé tọ̀ ọ́ wá bí arọ, á jáde bí ẹṣin. Tirẹ̀ ńkọ́? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀ ni gbogbo wáyà ọkọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi àti ẹ̀ ti mọwọ́ ara wa."

Ìyá wọn ló kọ́kọ́ rí iná náà, ìyẹn sì jẹ́ ìyàlẹ́nu, torí pé ojú ìyá ti ń lọ. Ọ̀kan ti funfun pátápátá. Èkejì kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ, àti ohun tó bá pupa dáadáa. Dókítà ojú ti sọ ọ́ kedere: bí wọ́n bá tètè gbé e wá fún iṣẹ́ abẹ, òun á lè gba ojú kan là; bí wọ́n bá fi falẹ̀, kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pàdánù ọjọ́ tó dá fún wọn. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ọkọ̀ kọ̀, kò dáhùn láàárọ̀, ìyá náà sì kọ̀, kò wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn.

"Ọmọ mi ló ní òun máa gbé mi lọ," ohun tó ń sọ nìyẹn. "Òun náà ló máa gbé mi lọ."

Dókítà wá dá ọjọ́ Mọ́ńdè fún wọn, ó ní òun kò ní dá òmíràn mọ́.

Lálaalẹ́ ni ìyá máa ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí gáréèjì. Á jókòó sí ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti awakọ̀, á kọjú sí iná pupa, á sì máa ròyìn ọjọ́ fún un: ẹni tó bímọ, ẹni tó kó kúrò ní ilé iwájú, iye tí ata di. Télọ̀ a máa gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí ìyá dákẹ́ lágbede méjì ọ̀rọ̀, bí ẹni ń dúró de èsì. Lẹ́yìn náà ni ìyá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n dá lóhùn dáadáa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú pópó.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ó tún gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lẹ táyà níkòríta. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ń kán an lójú nílé ayé.

"Télọ̀," Jẹ́jẹ́ ní, "bátìrì yìí mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi ju àwọn àna mi lọ."

"Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, kí ló ń pa á gan-an?"

"Bátìrì kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ẹni tó ń fún un lóńjẹ ni. Ṣé o mọ ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ roboto tí bẹ́líìtì ń yí, tó ń pèsè iná fún ọkọ̀? Nǹkan kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń jẹ́ rẹ́gúlétọ̀. Òun ló ń bu iná fún bátìrì níwọ̀n, kó má pọ̀ jù, kó má kéré jù. Tí ìyẹn bá ti ya wèrè, iná á máa yọ́ gba ibi tí kò yẹ lọ."

"Ṣé ìyẹn ló ń tan iná pupa?"

Jẹ́jẹ́ yí ojú sí táyà tó wà níwájú rẹ̀. "Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi pààrọ̀ ẹ̀."

"Èmi? Nínú gáréèjì yẹn? Télọ̀, mo láya nílé! Lọ ra rẹ́gúlétọ̀, màá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹ, kò le. Ìwọ lọmọ ìyá ẹ̀. Tínú bá tiẹ̀ bí i, á fọ́ ẹ létí ni, kò ní jù bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo jẹ ẹ́ lówó táyà ńkọ́?"

Télọ̀ ra rẹ́gúlétọ̀ náà, ó sì jókòó tẹ́tí sí Jẹ́jẹ́ títí ó fi lè ka iṣẹ́ náà padà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó lè ti dúró kí ìyá sùn kó tó ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gba bátìrì lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́, ó so ó, ó sì wọ yàrá lọ bá a.

"Tí o bá tún un ṣe tán," ìyá bi í, "iná yẹn ńkọ́?"

"Kò ní máa tàn mọ́, Màámi. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"O fẹ́ lé ẹ̀gbọ́n rẹ síta."

"Ojú yín ni mo fẹ́ gbà là."

"Tí ojú ọ̀hún bá wá là," ìyá ní, "kí ni kí n fi í wò?"

 Télọ̀ nìkan ló kù nínú ọmọ tí ìyá bí, ó sì dúró níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Bóyá ìyá náà rò ó bẹ́ẹ̀, torí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àṣé télọ̀ fẹ́ rán mọ́tò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ojú mi lo ti máa ṣe é. Tí o bá tú u tí o kò sì rí ohun tó ń tan iná yẹn, fojú rí i, fọwọ́ kàn án, wàá dá gbogbo ẹ̀ padà bó ṣe wà. O ò sì ní bá mi sọ ọ́ mọ́."

"Mo gbà, Màámi."

Ìyá mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, wọ́n sì jọ lọ. Ó jókòó sí àyè rẹ̀ nínú ọkọ̀. Télọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Jẹ́jẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé ẹsẹ̀ bátìrì, ibi tí wáyà ti dè mọ́ ọn, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú, kí iná má bàa jó o lọ́wọ́. Ó fi sípánà tú u, ó fà á yọ. Igbe ni ìyá fi bọnu.

"Ó lọ! Dá a padà! Ìwọ ọmọ yìí, dá a padà!"

 Télọ̀ tẹ ẹsẹ̀ wáyà náà padà mọ́ bátìrì. Ó gbọ́ tí ìyá mí kanlẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ tó sọnù bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé.  Télọ̀ di wáyà mú, ó sì ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá gbé ọwọ́ kúrò, òun lòun máa pa á. Ìrònú yẹn dẹ́rù bà á. Òun tó mọ̀ pé wáyà ni, kí ló dé tí òun ń rò bẹ́ẹ̀?

"Màámi," ó ní, "mi ò lè rídìí ẹ̀ láìtú u."

Ìyá fara ti ìjókòó. "Jẹ́ kí n pajú dé ná." Ojú kan tó kù fún un ló pa dé. "Ó yá."

Télọ̀ yọ wáyà. Ó dẹ bẹ́líìtì, ó bọ́ ọ kúrò, ó tú wáyà nínípọn tó wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ náà jáde. Ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn lọ. Ó gbé e lé orí itan, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ dé, ó sì tú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti rí i. Láti ìdí bóòtù, ìṣó irin tó ní nọ́ọ̀tì lórí, tí iná bátìrì ń gbà wọlé, ẹnì kan ti fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sí ẹsẹ̀ rẹ́gúlétọ̀, ó fi òjé jó o mọ́ ọn, ó sì wá fi òwú wé e kó má bàa mì. Òwú búlúù. Télọ̀ kò nílò ẹni tó máa sọ fún un ibi tí òwú náà ti wá. Àìmọye ìgbà ló ti bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ta ló ń mú òwú lórí tábìlì òun. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ṣé mo jọ ẹni tó ń rán bùlọ́ọ̀sì ni?"

Ó tọ wáyà náà pẹ̀lú ìka rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Jẹ́jẹ́ ti sọ fún un pé bóòtù yẹn kì í sùn, iná máa ń wà lára rẹ̀ tọ̀sántòru. Rẹ́gúlétọ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n wá fi wáyà yìí jí i tipátipá kó lè máa ṣiṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bí Rewáyà bá ti dé láti ibi iṣẹ́, ó máa ń tú ẹsẹ̀ bátìrì rẹ̀. Wọ́n ní ahun ni, pé olè ló ń bẹ̀rù. Kì í ṣe olè. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá tú u, iná pupa náà á máa tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn tó lọ, kò sí ẹni tó ń bá a tú u.

"Màámi, ẹ wá."

Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Télọ̀ mú ìka ìyá, ó gbé e lé orí òwú náà. Ìyá fọwọ́ pa á títí ó fi kan ibi tí wọ́n ta á ní kókó, kókó rabata tí télọ̀ kan kò jẹ́ ta láéláé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀.

"Òun ló ta èyí," ó ní. "Bó ṣe ń ta okùn bàtà ẹ̀ nìyí. Ọ̀bẹ ni mo fi ń gé e kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀."

"Àwọn ni, Màámi. Ohun tó ń tan iná nìyẹn."

"Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni."

"Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni."

"Mo sọ fún ẹ. Kí ló so ó fún?"

"Èyí tó wà níbẹ̀ ló ti bàjẹ́. Wọ́n kàn fi gbé e dúró ni, kí wọ́n tó ráyè pààrọ̀ ẹ̀."

"Kò wá ráyè."

"Wọn ò ráyè."

Ìyá ń fi ìka pa kókó náà lọ, pa á bọ̀. Télọ̀ rò pé yóò ní kí òun dá gbogbo rẹ̀ padà.

"Kò wá lè sùn," ìyá ní. "Ṣebí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tó bá ní iṣẹ́ nílẹ̀. Parí ẹ̀ fún un."

Ó fọwọ́ tọ ògiri padà sínú ilé, kò sì dúró wo bí wọ́n ṣe gé e.

Télọ̀ gé òwú náà. Ó tú rẹ́gúlétọ̀ àtijọ́ jáde. Kábọ́ọ̀nù méjèèjì tó ń gbé iná lára rẹ̀ ti jẹ tán, wọ́n ti kúrú bí eyín arúgbó. Ó ti kábọ́ọ̀nù tuntun wọlé pẹ̀lẹ́ kó má bàa kán, rẹ́gúlétọ̀ tuntun jókòó sáyè rẹ̀, ó so ó. Ó gbé ọ́tánétọ̀ padà, ó fa bẹ́líìtì le, ó sì so bátìrì. Kò sí ohun tó tàn. Ó yí kọ́kọ́rọ́: iná pupa là. Ẹ́ńjìnnì dáhùn: iná pupa kú. Ó fi mítà tí ó yá lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ wọn agbára bátìrì, ó ka mẹ́rìnlá lé díẹ̀, bí Jẹ́jẹ́ ṣe sọ pé ó yẹ kó rí. Ó tẹ ẹ́ńjìnnì kó pariwo, kò kúrò lórí mẹ́rìnlá. Ó pa á, ó yọ kọ́kọ́rọ́. Níwájú awakọ̀, òkùnkùn lásán ni.

Ó yẹ kó jáde kó lọ fọ ọwọ́. Ó jókòó síbẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú, gáréèjì sì ń kún fún òkùnkùn díẹ̀díẹ̀, ó wá yé e pé ibi tí iná náà ti máa ń tàn lòun ń tẹjú mọ́. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí iná náà bá ti lọ, ẹ̀rù náà á bá a lọ. Ẹ̀rù ti lọ lóòótọ́. Ohun tó wá jókòó sí ipò rẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí pé kò ní ojú, kò ní àwọ̀, kò sì sí sípánà tó lè tú u.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá wọlé, wọ́n gbọ̀nà ilé ìwòsàn. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ìyá fi sọ̀rọ̀.

"Ọkọ̀ yìí ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì. Kí lò ń wò?"

"Ojú ọ̀nà ni, Màámi."

"Lọ purọ́ fún ẹni tó ríran. Ṣé ó tàn ni?"

"Kò tàn."

"O fẹ́ kó tàn."

Télọ̀ dá ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà.

"Èmi jókòó tì í lálaalẹ́," ìyá ní. "Kò sí ohun tí mo ní tí mi ò tíì sọ fún un. Ìwọ ń gba ojú pópó. O rò pé mi ò gbọ́ bàtà rẹ ni? Sọ tìrẹ báyìí. Ọ̀nà ṣì jìn."

Ojú ti Télọ̀.  Ó wo ibi tí ó ṣókùnkùn níwájú rẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí kò mọ̀ bóyá ènìyàn wà nínú ilé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. À ń gbé Màámi lọ síbi ojú."

Ìyá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ pé kó má tíì fi òmíràn kún un, kó fi àyè sílẹ̀ fún èsì. Ó fi àyè sílẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì nìkan ló gbọ́, ó ń lọ geere, kò kọsẹ̀, kò wúkọ́, títí wọ́n fi yà sí ẹnu géètì ilé ìwòsàn.