Páálí Bàtà Tí Wọ̀ọ́-Wò Rà Lórí Fóònù

Àwọn aládùúgbò obìnrin tó ń ta bàtà ọmọdé lẹ́yìn ibùdókọ̀ kì í fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pè é. Wọ̀ọ́-Wò ni wọ́n ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ kan bá ti yọjú sí ìsọ̀ rẹ̀. Ìyá ọmọ ì báà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè iye, ọmọ ì báà máa ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́, Wọ̀ọ́-Wò á ti kúnlẹ̀ sórí tìmùtìmù kékeré rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà á sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ̀ ọ́ wò, ọkọ mi. Ẹnu ìyá ò mọ ẹsẹ̀ ọmọ."

Ìsọ̀ náà kò fẹ̀. Bí oníbàárà mẹ́ta bá wọlé, ẹni kẹrin á dúró síta máa fi ọrùn yọjú. Pákó ni wọ́n fi kan pẹpẹ yí ògiri ká, bàtà ló sì kún orí rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè àjà: dúdú fún iléèwé, funfun fún eré ìdárayá, èyí tó ní okùn àti èyí tó ní ìdè. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan péré ni ó máa ń kó síta nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ. Olè tó bá jí ẹsẹ̀ kan, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹsẹ̀ kejì á wà nínú páálí lábẹ́ pẹpẹ títí oníbàárà yóò fi yọ owó. Gbogbo oníbàtà ló ń ṣe é, ó ti mọ́ wọn lára débi pé wọn kì í rò ó mọ́.

Baba arúgbó kan ló ti ń kó bàtà fún un láti ọjọ́ tó ti dá dúró. Ní ọdún tí à ń sọ yìí, ojú baba náà kò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, wọ́n sì mú un lọ sílé. Ọ̀dọ̀ àwọn alárọ́bọ̀ ni Wọ̀ọ́-Wò wá ń rà á, ìyẹn àwọn tó rà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ọjà tó dé ọwọ́ rẹ̀, èrè ti tán lára rẹ̀. Àkókò ìwọlé àwọn ọmọ iléèwé sì ti ń sún mọ́lé. Àkókò yìí ló ń bọ́ oníbàtà ọmọdé fún gbogbo ọdún. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀, ó di àmọ́dún.

Ibẹ̀ ló wà tó fi rí ọkùnrin kan lórí ayélujára tó ń ta bàtà ní páálí-páálí, ní iye tó jọ ti baba arúgbó nígbà tí ayé ṣì dára. Orúkọ tó fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ sí nínú fóònù ni Ọ̀gá Páálí.

Ọkùnrin tó ń ta báàgì ní ìsọ̀ tó kángun sí tirẹ̀ gbọ́. Àgbàlagbà ni, ẹ̀fẹ̀ kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀.

"Wọ̀ọ́-Wò, ẹja inú ibú lò ń ná yẹn o. Ìwọ tí ò jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ ra bàtà láìwọ̀ ọ́ wò, ìwọ lo wá fẹ́ ra páálí tí o ò fọwọ́ kàn!"

"Bàbá Oníbáàgì, mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń lù ní jìbìtì lọ."

Kì í ṣe ìgbéraga. Obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe ni lóòótọ́. Ó pe ọkùnrin náà lórí fídíò, ó ní kí ó ká bàtà kan po bóyá awọ rẹ̀ á là. Ọkùnrin náà ká a. Ó ní kí ó fa àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bóyá gọ́ọ̀mù á jáde. Ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, bàtà kò ṣe nǹkan kan, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ó ka ohun tí àwọn tó ti rà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ, ó ka èyí tó dùn, ó ka èyí tó korò. Lẹ́yìn náà ló wá ra díẹ̀ tọ́ ọ wò, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́gbọ́n ti ń ṣe. Díẹ̀ náà dé, ọ̀tún àti òsì, kò sí àbùkù lára ẹyọ kan. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti tà wọ́n tán.

Ó sọ ìròyìn náà fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó ti ń ránṣọ lábẹ́ ọ̀gá kan láti ìgbà ọ̀dọ́. Aránṣọ yìí ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀, owó náà kò sì tíì pé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fi tèmi kún un. Bí ẹ bá tà á tán, ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ dá owó padà. Ẹ kàn bá mi ra ẹ̀rọ náà."

"Ṣé ọkàn rẹ gbà á?"

"Ẹ̀yin ni ọkàn mi gbà. Ìwọ̀nba ẹ̀yìn tí mo ní, orí àga ọ̀gá mi ló ń tán sí. Mo ti sọ fún un pé bí àwọn ọmọ bá wọlé iléèwé, èmi náà á jáde."

Wọ̀ọ́-Wò wo ojú àbúrò rẹ̀. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà, nítorí ìyá wọn kò pẹ́ láyé. Ó gba owó náà. Láti ọjọ́ yẹn, kì í ṣe bàtà nìkan ló wà nínú páálí náà mọ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ parí ọ̀rọ̀, Ọ̀gá Páálí fúnra rẹ̀ ló pè lórí fídíò. Ó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, páálí tò dé òkè àjà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Màmá wa, ẹ fojú ara yín rí i." Ó ṣí páálí kan, ó ṣí òmíràn, èyí tí Wọ̀ọ́-Wò bá tọ́ka sí ló ń ṣí. Bàtà dúdú ń dán nínú wọn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ òsì.

Bàbá Oníbáàgì na ọrùn wo fóònù náà láti ẹ̀yìn. "Ẹsẹ̀ kejì dà?"

Wọ̀ọ́-Wò bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fi bàtà sílẹ̀ fún oníbàtà. Ta ló ń kó ẹsẹ̀ méjì síta?"

"Kí lèmi wá mọ̀? Báàgì ò lẹ́sẹ̀."

Ohun tó sì yẹ kó ba obìnrin náà lẹ́rù gan-an ló fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ọmọ àná nídìí bàtà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ká ní aṣọ ló ń rà ni, tàbí abọ́, bóyá ìbá ti béèrè.

Ọjà orí ayélujára tí wọ́n ti pàdé ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà dá owó oníbàárà dúró títí ọjà yóò fi dé. Ọ̀gá Páálí ní ọ̀nà náà pẹ́, wọ́n á tún yọ tiwọn lára rẹ̀, àwọn mìíràn sì ti tò sẹ́yìn nítorí ìwọlé iléèwé. Bí màmá bá lè san án tààrà, òun á yọ nǹkan fún un. Baba arúgbó náà máa ń yọ nǹkan fún un bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́sí. Ó san án tààrà.

Ọjà náà kò sọnù lọ́nà, kò sì pẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù já páálí náà sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ ní ọ̀sán gangan, àwọn ará òpópónà sì ń kí i pé ẹ kú oríire. Aránṣọ tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ wá bá a tú u. Ó gbé bàtà méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba jáde, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ, ó wò wọ́n, ó tún wò wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn méjì yìí ò kọjú síra wọn."

"Báwo?"

"Ọ̀nà kan náà ni wọ́n kọrí sí."

"O ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í ni. Òsì ló máa ń wà lókè. Wo ìsàlẹ̀."

Aránṣọ wo ìsàlẹ̀. Wọ́n da páálí náà sílẹ̀, wọ́n da èkejì, wọ́n da gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ ìsọ̀ kún, bàtà ya dé gọ́tà. Ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo wọn. Wọ̀ọ́-Wò ṣì ń tú inú bébà ìdìpọ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí níbẹ̀."

Nọ́ńbà Ọ̀gá Páálí kọ́kọ́ ń dún láìsí ẹni tó gbé e. Nígbà tó yá, kò dún mọ́. Ojú ìwé rẹ̀ lórí ayélujára ti pòórá bí ìrì òwúrọ̀. Àwọn tó ni ọjà orí ayélujára náà ní ìta ló ti sanwó, ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n. Báńkì ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fi ránṣẹ́, ẹni tó sì fi ránṣẹ́ sí ti kó o jáde. Àwọn akẹ́rù ní àwọn kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù wò. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì gbọ́ ọ dé ìparí, kò sì fi àbùkù kàn án.

"Màmá, ṣé ó kó ọjà fún yín àbí kò kó?"

"Ó kó."

"Bàtà lẹ rà?"

"Bàtà ni."

"Bàtà ló kó?"

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni."

Ọlọ́pàá náà fi bírò họ orí. Ẹ̀rín fẹ́ já a gbà, ó gbé e mì. "Ẹ máa lọ sílé ná, màmá. Bí ẹ bá mọ ibi tó ń gbé, ẹ wá sọ fún wa."

Bàbá Oníbáàgì kò sọ pé mo ti wí. Ó gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́nu ìsọ̀ Wọ̀ọ́-Wò, ó jókòó. Ó ní, "Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹsẹ̀ òsì nìkan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni yẹn náà ń sunkún bíi tìẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Wọ̀ọ́-Wò létí. Ó ya àwòrán bàtà náà, ó fi sí gbogbo ẹgbẹ́ oníbàtà tó mọ̀ lórí fóònù: ta ló ní ẹsẹ̀ ọ̀tún irú èyí? Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ó lọ wá àwọn ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Àmọ́ obìnrin kan láti ìlú tó jìnnà pè é.

"Ẹ̀yin lẹ ní òsì?"

"Èmi ni."

"Ẹ gbà mí o. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀tún wà."

Ọkùnrin kan náà ni, ohùn kan náà, "màmá wa" kan náà. Wọ́n sọ ọ́ fún ara wọn bí ẹni tí àìsàn kan náà ń ṣe. Obìnrin náà ṣí páálí rẹ̀ lórí fídíò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kún ibẹ̀, tí ìdè wọn ń dán. Ó tilẹ̀ ká ọ̀kan po, ó fa àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Aránṣọ pàtẹ́wọ́. Wọ̀ọ́-Wò kò pàtẹ́wọ́. Ó ti rí ìka tó ká bàtà po rí.

"Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì," ni obìnrin náà wí. "Ẹ fi ìdajì òsì ránṣẹ́ sí mi, èmi náà á fi ìdajì ọ̀tún ránṣẹ́. Kí kálukú rí nǹkan tà kí ọmọ tó wọlé."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi tiyín ránṣẹ́."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Ẹ mọ ohun tójú mi rí."

"Tèmi náà rí i."

Wọ́n bi àwọn akẹ́rù bóyá wọ́n lè gba tọ̀tún-tòsì mọ́wọ́ kí wọ́n tó fi lé kálukú lọ́wọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn kọ́ nìyẹn. Aránṣọ ní òun á wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ fúnra òun.

"Lọ síbo?"

"Ibi tó júwe."

"Bí wọ́n bá jí bàtà, bàtà ni. Bí wọ́n bá jí ọ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ mi ló wà nínú páálí yẹn."

"Mo mọ̀." Ohùn Wọ̀ọ́-Wò kò ga. "Mo mọ̀, àbúrò mi. O ò ní lọ."

Wọ̀ọ́-Wò ní kí obìnrin náà wá, kó wá sùn sílé òun. Obìnrin náà béèrè bí òun ṣe máa mọ irú ẹni tó ń dúró de òun ní ibùdókọ̀. Wọ̀ọ́-Wò kò rí ìdáhùn kan tí Ọ̀gá Páálí náà kò lè fúnni.

Àwọn ọmọ wọlé iléèwé. Láàárọ̀, wọ́n ń kọjá níwájú ìsọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, bàtà tí ẹlòmíràn tà ń dún kò-kò lẹ́sẹ̀ wọn. Aránṣọ lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀, ó sì padà sórí àga tó ti sọ pé òun á kúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ bá a lọ bẹ̀bẹ̀, ó ní kó má ṣèyọnu. Kò bínú sí i, ìyẹn ló sì ń dun Wọ̀ọ́-Wò jù.

Obìnrin tó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì máa ń pè. Wọn kì í bú ara wọn. Wọ́n máa ń béèrè ọmọ ara wọn, wọ́n máa ń béèrè ọjà.

"Ìwọ̀n wo ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín?" ni obìnrin náà bi í lọ́jọ́ kan.

"Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iléèwé."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni tọ̀dọ̀ mi."

Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà tún sọ ọ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀:

"Ẹ kúkú kọ́kọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́."