Omi Tó Jẹ Irin Lọ́nà Ìpele

Ẹ bá mi gbọ́: omi lásán, omi tí à ń mu, ló jẹ irin. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún mi kí n tó fojú ara mi rí i, màá ní irọ́ ló ń pa.

Ọkọ mi ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi odò wá sílùú Ọ̀wọ̀, lọ́nà Ìpele, láyé àwọn òyìnbó. Iṣẹ́ ìjọba ni, a sì máa ń fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oyún àkọ́bí wa wà nínú mi nígbà náà, iṣẹ́ yẹn nìkan la sì gbójú lé.

Ọdún Ìgogo dé. Ẹni tó bá mọ Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé nígbà Ìgogo, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lùlù. Agogo nìkan ló ń dún. Páìpù ńlá tó ń gbé omi jáde nínú ẹ̀rọ wa wá jẹ́ aláriwo. Bí omi bá ti kún inú rẹ̀, á máa gbá ògiri, gbim, gbim, gbim. Bàbá mi, tí oko rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, fi ìbínú wá. Kò sẹ́ni tó rán an láti ààfin o, òun fúnra rẹ̀ ni kò lè gbà á.

Ó ní, "Ìwọ ọkọ ọmọ mi, ìlù lò ń lù nígbà Ìgogo?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ̀rọ ni o. Bí mo bá sì pa á, kí ni àwọn aláìsàn máa mu ní ọsibítù?"

"Mi ò ní kí o pa á. Ṣáà jẹ́ kó dákẹ́."

Báwo lèèyàn ṣe ń bá àna rẹ̀ jiyàn? Ọkọ mi lọ fún fáàfù, ohun tí wọ́n fi ń ṣí omi tí wọ́n sì fi ń tì í, tó wà lójú páìpù tó ń fa omi wọlé, ó ku díẹ̀ kó tì pátápátá. Lóòótọ́, gbim-gbim dáwọ́ dúró. Ariwo mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ṣàràṣàrà, bí ìgbà tí èèyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú igbá. Bàbá mi tẹ́tí sí i, ó ní ìyẹn kì í ṣe ìlù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí ọdún Ìgogo tó parí, omi kò gòkè mọ́. Ẹnjiníà òyìnbó wá tú ẹ̀rọ. Yéè! Abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí nínú rẹ̀, tó nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ, ti lu jára bí afárá oyin. Òyìnbó ní iyanrìn tàbí ásíìdì ni ọkọ mi dà sí i láti ba ohun ìjọba jẹ́, ó sì ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti oyún. Ẹ̀wọ̀n kẹ̀? Kí ló jí?

Ohun kan ṣoṣo ni ọkọ mi ń sọ: fáàfù lòun fún, òun kò da nǹkan kan sí i. Òyìnbó lọ wo fáàfù náà, ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá. Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀pá gíláàsì oníhò kan wá látinú ọkọ̀ òun, ó fẹ̀ lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì tín-ín-rín láàárín. Ó so ó mọ́ páìpù tó ti inú táńkì orí òkè, níbi tí omi díẹ̀ ṣì kù, wá, ó ṣí omi. Háà! Ní ọrùn tóóró yẹn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, funfun báláú, ó ń dún ṣàràṣàrà.

Mo pariwo, "Òun rèé! Ariwo yẹn gan-an rèé!"

Mo fọwọ́ kan gíláàsì náà, ó tutù nini. Omi ń hó láìrí iná! Orí mi wú.

Akọ̀wé tó bá òyìnbó wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Bí ọ̀nà omi bá fún jù, omi á hó fúnra rẹ̀, ìfòfó wẹ́wẹ́ á sì máa bẹ́ lára irin, wọ́n á máa bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, irú ọ̀nà tóóró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi mílíìkì gbà kí ọ̀rá rẹ̀ lè pò mọ́ ọn dáadáa. Mílíìkì! Ohun tó ń jẹ irin!

Ọlọ́pàá bá tirẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ti parí. Àfi bí òyìnbó ṣe bi ọkọ mi pé ta ló ní kó fún fáàfù. Ó ní bó bá jẹ́ pé àgbàlagbà kan ló pàṣẹ fún un, òun kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi wà láàárín àwọn tó ń wòran. Ó gbọ́ ọ kedere. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọkọ mi ní, "Èmi nìkan ni."

"Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀!" Èmi ni mo ké bẹ́ẹ̀, èmi tí n kì í wo ojú bàbá mi. Kí n tó ké lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ mi ti fi ọwọ́ tó kún fún gírísì bò mí lẹ́nu, ó sì fi ọwọ́ kejì na kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ sí òyìnbó.