Ohùn Méjì fún Olùkọ́ Ìtàn

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Akanran ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí mo bá ti ronú kan ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Bí oòrùn bá ti mú dáadáa, òórùn kíkan rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé, á dà pọ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀kì àti ti yíǹkì tí a fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, aṣọ wa á sì gbé e délé. Yàrá àwa olùkọ́ kò tóbi. Tábìlì mẹ́sàn-án péré ló gbà, tèmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olùkọ́ ìtàn, ọkùnrin kan tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ọmọ ìdílé Mùsùlùmí kan ní abúlé tí kò jìnnà síbẹ̀. Èèyi ló fọ́ ọ lójú méjèèjì nígbà tó wà ní kékeré. Ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ti ń lọ sópin nígbà náà, èmi ò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, òun náà a sì máa pè mí ní àbúrò.

Ká ní o gbọ́ ọ rí níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, wàá mọ ohun tí mo ń wí. Á dúró níwájú kíláàsì, á fi ìka lé ìwé Bíréèlì rẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi irin ṣóńṣó lu àmì sí lára kí ìka lè kà á, á sì máa sọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó àti bí ogun ṣe tú u ká, títí àwọn aláriwo tó wà lẹ́yìn pàápàá á fi dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń fún un ní wàhálà ni lẹ́sìn nóòtì, ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí gbogbo olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí púrínsípà tó fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, á gbé Bíréèlì lé itan, á máa kà, èmi á máa kọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Mi ò ní purọ́ fún ọ, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Àwọn ará ìjọ wa mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì máa ń gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run ò ní gbàgbé ọwọ́ tí mo fi ń ran aláìríran lọ́wọ́.

Ìsípẹ́kítọ̀ tuntun kan ló da ètò náà rú. Ó yẹ ìwé gbogbo wa wò, nígbà tó kan ti olùkọ́ ìtàn, ó béèrè ẹni tó ni ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Mo ní èmi ni. Ó pa ìwé dé. Kò bínú, kò sì sọ̀rọ̀ àbùkù sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣàlàyé fún púrínsípà pé nóòtì tí ẹlòmíì bá kọ kì í ṣe ti olùkọ́ náà, pé tí òun bá padà wá ní ìparí táàmù tó ń bọ̀ tí nǹkan ṣì rí bẹ́ẹ̀, òun á dámọ̀ràn pé kí wọ́n gbé e kúrò ní kíláàsì lọ sí ọ́fíìsì. Gbogbo èyí, ojú olùkọ́ ìtàn ló ṣe é. Ó ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn tí àlejò lọ, ó jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò ra etí ìwé rẹ̀ títí aago fi lù.

Èmi ni mo kọ̀wé sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin tí olùkọ́ ìtàn kọ́ nígbà kan. Kò pẹ́ tó fi fèsì. Ó ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun á fi kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ránṣẹ́, pẹ̀lú sọ́fítíwíà tó máa ń fi ohùn ka gbogbo ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà síta, kí afọ́jú lè gbọ́ ohun tó ń tẹ̀. Àmọ́ oríṣi sọ́fítíwíà yìí méjì ló wà, òun ò sì mọ èyí tó dáa jù. Nítorí náà ó tẹ ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ra ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi wọ́n sínú àpò ìwé ńlá, ó ní ká fara balẹ̀ kà á ká sì mú ọ̀kan, nítorí tí wọ́n bá ti rà á, kò sí pé à ń dá a padà.

Mo kà á tán lọ́sàn-án Sátidé kan. Lójú tèmi, kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ìyìn ló kún ọ̀rọ̀ èyí àkọ́kọ́: ó rọrùn, ó lẹ́wà, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ti èkejì, ìráhùn ni. Ẹnì kan ní ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Òmíràn ní bọ́tìnnì tí èèyàn gbọ́dọ̀ há sórí ti pọ̀ jù. Òmíràn tún ní bí òun bá dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, "àwòrán, àwòrán, àwòrán" ni yóò máa kà, kò ní sọ àwòrán kí ni. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo kọ lẹ́tà pé èyí àkọ́kọ́ la fẹ́, mo sì sọ ọ́ sínú àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó sọ fún olùkọ́ ìtàn. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn.

Ó wá ní, "Àbúrò, ta ni yóò lò ó?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó kàn bi mí bóyá àwọn ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní wọ́n wà. "Ó dáa, kà wọ́n fún mi. Ṣùgbọ́n kó o tó ka ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wí, kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́ fún mi."

Ọ̀sán méjì la fi kà á lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Bí mo ṣe ń ka orúkọ àti iṣẹ́ wọn ni ojú ń tì mí. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ni ẹni tó pe èyí àkọ́kọ́ ní arẹwà, ó rà á fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Olùtọ́jú ilé ìkàwé ni ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní ó rọrùn, ọmọ rẹ̀ ló rà á fún, ọ̀sẹ̀ tó rà á gan-an ló sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Aríran ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ráhùn sí èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé afọ́jú ni gbogbo wọn: agbẹjọ́rò, akẹ́kọ̀ọ́, obìnrin kan tó ń tẹ ìwé fún àwọn oníwèé ìròyìn. Àwọn kan ti lò ó tó ọdún méjì, wọ́n ṣì ń lò ó. Èmi tí mo ti ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ nìkan ni mo kà, mi ò ka àwọn tó sọ ọ́.

Olùkọ́ ìtàn ní, "Ẹni tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta òun lẹ́sẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ rìn." Síbẹ̀ kò ní ká torí ìyẹn yí ọ̀rọ̀ padà. Ó rántí obìnrin kan tí wọ́n jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, tó ń gba ìpè tẹlifóònù ní iléeṣẹ́ kan ní Alákíà, ó ní ká lọ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì la lọ. Ọkọ̀ méjì la wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lé mi léjìká, bàálù kan sì fò kọjá lókè wa bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, olùkọ́ ìtàn tẹ́tí sí i títí ìró rẹ̀ fi pòórá. Obìnrin náà ń retí wa nínú yàrá kóńkó kan. Ó ní èyí tí àwọn èèyàn ń yìn ni iléeṣẹ́ òun kọ́kọ́ rà, pé ọ̀gá òun wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní ó dára púpọ̀.

Ó ní, "Ohùn rẹ̀ dùn bíi ti ìyàwó tuntun. Àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ó ní kí n tẹ ibi aláwọ̀ ewé. Èmi, afọ́jú."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú wọn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ṣàlàyé pé àìmọye ìgbà lòun ní láti pe aríran kó wá bá òun tẹ nǹkan, títí wọ́n fi bá òun pààrọ̀ rẹ̀ sí èkejì. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí olùkọ́ ìtàn létí, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àwọn bọ́tìnnì. Mo ń gbọ́ ohùn náà fín-ín-fín láti ibi tí mo dúró sí, imú ló ń gbà sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ojú olùkọ́ ìtàn yí padà bíi ti ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láàárín èrò. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀.

Nígbà tí a ń darí bọ̀, a yà ní ìsọ̀ onítẹlifóònù kan ní Ìwó Road láti pe Lọ́ńdọ̀nù. Mo na fóònù sí i. Kò gbà á. Ó ní èmi ni mo kọ lẹ́tà. Mo pe nọ́ńbà náà fúnra mi. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ní lẹ́tà mi ti tẹ òun lọ́wọ́ lánàá, pé lọ́la lòun fẹ́ lọ rà á. Mo sọ fún un pé mi ò bi ẹni tó ni nǹkan kí n tó kọ̀wé, pé èkejì ni kó rà.

Táàmù tuntun ti wọlé kí ẹrù náà tó dé. Púrínsípà fún un ní igun kan ní yàrá wa, ibẹ̀ ló sì máa ń wà lọ́sọ̀ọ̀sán bí iná ọba bá wà. Kò rọrùn fún un rárá. Ó máa ń gbàgbé bọ́tìnnì, iná á lọ kó tó fi iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́, ohùn náà sì ń ba orúkọ àwọn ìlú wa jẹ́ débi pé ó gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó mọ̀ pé Ìbàdàn ni ohun tó ń pè. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n ka ọ̀kan nínú nóòtì àtijọ́ tí mo bá a kọ, kí òun lè gbọ́ bí òun ṣe tò ó. Mo kà á. Ó ní òun ò sọ ọ́ báyẹn. Mo tún un wò, mo sì rí i pé òótọ́ ni: mo ti gé gbólóhùn rẹ̀ kúrú, mo fi ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ èmi rọ́pò tirẹ̀, láìmọ̀ pé mo ń ṣe é. Ó ní kò burú, pé kọ̀ǹpútà yìí ni òun ti ń gbọ́ ohun tí òun fúnra òun kọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìsípẹ́kítọ̀ dé bó ṣe wí. Mo ti bẹ olùkọ́ ìtàn pé kí n kọ́kọ́ bá a yẹ nóòtì tó fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde wò, ó kọ̀. Ìsípẹ́kítọ̀ náà kà á lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ó yọ bíró pupa, ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ìkọ̀wé wọn kò tọ̀nà, ó kọ "ẹ ṣàtúnṣe" sí etí, ó fọwọ́ sí i, ó sì bọ́ sórí ìwé ẹni tó kàn. Inú bí mi sí ìlà pupa yẹn. Nígbà tó lọ, mo fẹ́ tu olùkọ́ ìtàn nínú, àmọ́ ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó fi ìka wá ibi tí bíró ti tẹ̀ wọ inú rẹ̀.

"Mélòó?" ló bi mí.

"Mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n."

"Tìẹ ńkọ́?"

Mo ní márùn-ún ni tèmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó pa ìwé náà dé, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sí kíláàsì.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló tún fi kọ́ni lẹ́yìn ìyẹn kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, mi ò lè ka ìyìn tàbí ìráhùn nípa nǹkan kan láìwá ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tó ń fi nǹkan náà ṣe. Ṣùgbọ́n èyí kéré lára ohun tí mo rí kọ́. Àdúrà àwọn ará ìjọ wa ni mo ń rò jù, pé Ọlọ́run ò ní gbàgbé ọwọ́ mi. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi jẹ́ ọwọ́ fún ọkùnrin yẹn, mi ò sì bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ohun tó sọ ni mo kọ.