Ilé Bàbá Wa Lábẹ́ Òkun

Òkun ti gbé ilé bàbá wa ní Aráròmí lọ tipẹ́ kí bàbá fúnra rẹ̀ tó kú. Yàrá tí a háyà fún un ní Mahintẹ́dó ló kú sí. Ṣùgbọ́n kí omi tó dé ló ti kọ ìwé ìhágún, kò sì pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí lọ́yà kà á fún wa, ilé náà ṣì dúró digbí nínú ìwé: kí ọmọ òun ọkùnrin àgbà mú iwájú, kí ọmọ òun obìnrin mú ẹ̀yìn.

Èmi tí mo jẹ́ àbígbẹ̀yìn rò pé a máa rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, "Pálọ̀ ńkọ́? Iwájú ló wà."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní, "Àárín ló wà, bọ̀dá. Mo ní ìdajì níbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe dé kóòtù nìyẹn. Lọ́yà méjèèjì kò sọ fún adájọ́ pé ilé ti di omi. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rù kó má ba ẹjọ́ tirẹ̀ jẹ́. Ni adájọ́ bá rán akọ̀wé kóòtù pé kó lọ wọn pálọ̀ wá.

Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú bàtà dídán àti téèpù. "Ilé ọ̀hún dà?"

Gbogbo wa nawọ́ sójú òkun.

Ó wò ó títí. "Ó dáa. Ẹ gbé mi débẹ̀."

A wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Nígbà tó yá, bọ̀dá kígbe, "Ẹ dúró! Ẹnu ọ̀nà rèé."

"Irọ́ ni," ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wí. "A ò tíì kọjá ilé aládùúgbò."

Akọ̀wé ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Apẹja kan ń da àwọ̀n níwájú wa. Bọ̀dá bú mọ́ ọn: "Ta ló ní kí o wọ pálọ̀ bàbá mi?"

Apẹja náà wo omi, ó wo ọ̀run, ó wò wá. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò rí ilẹ̀kùn ni mi ò fi kànkùn."

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì ń mì pẹ̀lú wa. Bọ̀dá kọ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé òun náà ń rẹ́rìn-ín ni, àfi ìgbà tó sọ̀rọ̀.

"Pálọ̀ yẹn ni èmi àti bàbá ti jà. Mo ní mi ò ní wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Mi ò sì wọ̀ ọ́ mọ́ tí omi fi gbé e lọ."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sún mọ́ ọn, ó di apá rẹ̀ mú. "Ẹ mú un, bọ̀dá. Gbogbo pálọ̀. Ẹ máa wọlé."

Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn tí akọ̀wé kọ, omi ta sí i lára. Nígbà tí a padà sí kóòtù, adájọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló ń gbé inú ilé náà báyìí?"

"Ẹja ni, Olúwa mi," ni akọ̀wé dáhùn.

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n pe ẹjọ́ tó kàn.