Máàpù Tí Ẹyẹ Ò Sí Níbẹ̀

Sabon Zongo, àdúgbò kan ní Accra, ni wọ́n bí Hafeezah Rájí sí, máàpù ló sì ń yà ní ọ́fíìsì kékeré kan nílùú náà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un lọ́dún tó kọjá ni pé kó ya ibi tí ẹyẹ àkókó àti kòkòrò tó ń jẹ èèpo igi ti jọ ń gbé nínú oko igi páìnì kan lórí òkè, lẹ́yìn ìlú. Bàbá Fatawu, ọlọ́dẹ oko náà, ló ń fi fóònù sàmì síbi tó bá ti rí wọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Hafeezah gbé máàpù ẹyẹ àti ti kòkòrò léra. Gbogbo àmì ẹyẹ bọ́ sórí àmì kòkòrò, ọ̀kan ò yẹ̀. Abena, ọ̀gá rẹ̀, pàtẹ́wọ́.

"Ó ti parí nìyẹn. Fi ránṣẹ́."

"Madam, ẹyẹ ń fò. Kò lè rí báyìí."

"Ẹ̀yin Alata yìí, ẹ fẹ́ràn wàhálà jù."

Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Accra. Hafeezah pòṣé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wọ tírótìró, ọkọ̀ akérò, lọ bá Bàbá Fatawu, ó bá a níbi tó ti ń mu kókò, ẹ̀kọ gbígbóná, lẹ́nu géètì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Àkókó mélòó lẹ fojú rí?"

"Kí ni mo fẹ́ fojú rí? Ihò wà lára igi. Ta ló ń lu igi bí kò ṣe àkókó?"

"Bàbá! Kòkòrò ló lu ihò yẹn!"

"Mo kọ kòkòrò náà síbẹ̀. Mo kọ méjèèjì, kí wọ́n má bàa ní mi ò ṣiṣẹ́."

Oṣù mẹ́ta gbáko! Ariwo dé ọ̀fun Hafeezah, àmọ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ ni, ó gbé e mì.

"Ẹ dìde, sà. A ó tún un ṣe."

Wọ́n rìn títí òòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ kó-kó-kó lókè òkú páìnì kan. Ẹyẹ olórí pupa kan ló ń ya èèpo igi náà lulẹ̀, ó ń ṣa kòkòrò jẹ lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Fatawu wo fóònù rẹ̀.

"Èyí ò sí nínú tèmi," ó fohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

Sátidé márùn-ún ni wọ́n fi rìn. Àkókó mọ́kànlá péré ni wọ́n rí, ara òkú igi sì ni mẹ́sàn-án nínú wọn wà.

"Gbogbo ẹ̀ nìyí?" Abena bi í. "Ti àkọ́kọ́ yẹn rẹwà jù ú lọ."

Hafeezah fi máàpù tuntun náà ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn tó ni oko fèsì pé àwọn ò ní gé àwọn òkú igi náà mọ́, kí àkókó lè máa jẹ kòkòrò níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Àfi bí Abena ṣe ń sọ fún àlejò kan pé, "A fara balẹ̀ ṣe é ni." Hafeezah tún pòṣé, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.