Àgbàdo Dé Orókún Dúpẹ́

Kí n tó jókòó kọ èyí, ẹrẹ̀ ni mò ń fọ̀ kúrò lára ọ̀pá tí mo fi ń wọn àgbàdo. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló gbé mi padà sí ìgbà èwe mi ní oko bàbá mi ní Ìwàrò-Ọ̀kà, tí a máa ń ti Ìkàrẹ́ lọ ní àárọ̀ Sátidé.

Nígbà náà, bàbá mi kò ní ọ̀pá ìwọ̀n. Èmi ni ọ̀pá wọn. Èmi ni mo kéré jù nínú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n á ní kí n dúró sí poro, láàárín ebè méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, wọ́n á sì máa wò mí láti ẹnu ọ̀nà abà. Bí ewé bá dé orókún mi, ó tó àkókò àtifi ajílẹ̀ sí i nìyẹn. "Ojú olóko ni ajílẹ̀ àkọ́kọ́," ni wọ́n máa ń wí.

Ọ̀nà odò gba ẹ̀gbẹ́ oko wa. Àwọn ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà, ẹgbẹ́ mi, tó ń pọnmi á dúró wò mí.

"Dúpẹ́, àgbàdo yín ń lé ẹ bọ̀ o. Ṣé wọn ò ní bu ajílẹ̀ díẹ̀ sí ẹ lẹ́sẹ̀ ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi dà sí wọn lára. Iṣu sísun tí ìyá mi fún mi, màá dì í padà sínú ewé.

Ní ọdún kan, mo gun ẹ̀gbẹ́ ebè kí n lè ga díẹ̀. "Kò tíì dé orókún," ni bàbá mi wí. Ní Sátidé kejì, mo tún gùn ún. Nígbà tí wọn yóò fi fi ajílẹ̀ sí i, ewé ti pọ́n bí ìyeyè. Òjò ni bàbá mi dá lẹ́bi lójú gbogbo ilé. Ọjà la ti ra àgbàdo tí a fi ṣe ẹ̀kọ ọdún náà. Bí mo bá ń mu ún, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ní báyìí, àwọn olùkọ́ kan tó ń ṣèwádìí nípa ohun ọ̀gbìn ti ri òpó oní-ẹ̀rọ kan mọ́ oko yẹn. Ó ń wọn omi tí ilẹ̀ mu, èyí tí àgbàdo fà, àti èémí tó ń jáde lára ewé. Wọ́n ní àwọn ó fi ṣírò bí àgbàdo yóò ṣe dàgbà kó tó dàgbà. Èmi ni mò ń wọn gíga rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní n kì í ṣì í wọ̀n. Bí wọ́n bá ti ń yìn mí báyìí, n kì í lè wo ojú wọn.

Láàárọ̀ yìí, bàbá mi bá mi lọ. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Mo ka nọ́ńbà orí ọ̀pá fún wọn, wọ́n mirí.

"N ò mọ ìyẹn. Ìwọ gan-an, dúró tì í."

Tèmi ti irun funfun lórí, mo ká ìró mi sókè, mo bọ́ sí poro. Ojú tì mí bíi ti ìgbà yẹn, kò dín. Bàbá mi fi ọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Dúpẹ́," ni wọ́n wí, "má gun ebè o."